Oòrùn ti wọ̀, yàrá wa ṣì ń gbóná títí di òru: ṣé páànù ni?

Ìyá Ìkókó Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ wa pé oṣù méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà ní apá Mọ́níyà níbí. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, páànù ni wọ́n kàn lé e lórí, àjà sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí oṣù kejì ti wọlé ni a ò ti rí oorun gidi sùn. Ohun tó rú mi lójú ni pé bí mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́, ara ń tù mí. Kí n padà wọlé báyìí, àfi bí ẹni tó kó sínú ààrò búrẹ́dì. Fáànù ń yí o, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń dà lé wa lórí. Nǹkan wínníwínní pupa ti sú sí ọmọ lọ́rùn. Onílé ní páànù ló fà á, pé ká ṣe sùúrù kí òjò dé. Ṣé páànù náà ni? Owó ẹ̀rọ amúlétutù ò sí, iná gan-an kì í dúró. Ẹ dákun, kí la lè ṣe?

Kápẹ́ńtà Onípáànù

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìkókó. Ọlọ́run á dá a sí.

Ó ti tó ọdún 18 tí mo ti ń kan orùlé. Páànù jẹ̀bi, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Bí mo bá gbé ọwọ́ lásán lé e láago méjì ọ̀sán, kíá ni mo máa fà á kúrò. Èyí tó ti dógùn-ún tún burú ju tuntun lọ, torí pé tuntun ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, èyí tó ti pọ́n tó sì ti ṣú ń gbé e mì ni. Etí orùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, bíríkìlà ti fi símẹ́ńtì dí ibi tí ògiri àti páànù ti pàdé pa pátápátá nítorí eku àti àdán. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín páànù àti àjà ò wá rọ́nà jáde. Ó há síbẹ̀, ó ń gbóná sí i, ó ń mú àjà gbóná, àjà sì ń fi ooru ta yín lórí. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò sí ìhà méjèèjì orùlé, kí afẹ́fẹ́ máa gba ọ̀kan wọlé kó máa gba ìkejì jáde, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bò ó nítorí àdán.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ìbéèrè Ìyá Ìkókó kà: aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń sọ. Páànù kì í gbóná di òru. Ó fẹ́lẹ́, ojú ọ̀run ló sì kọjú sí, kí ilẹ̀ tó ṣú tán ló ti ń da ooru ara rẹ̀ nù sókè. Ṣé ẹ máa ń rí ìrì lórí páànù láàárọ̀? Ìrì yẹn ń jẹ́rìí pé páànù ti tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Nǹkan méjì la máa ń pò pọ̀: bí nǹkan ṣe gbóná tó, àti bí ooru inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìpẹ́pẹ́ iná tó ń ta níbi tí alágbẹ̀dẹ ti ń lu irin gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì, síbẹ̀ ó lè bà síni lápá kó má ju pé ó tani fírí lọ. Garawa omi híhó kan, ilé ìwòsàn ni. Ìpẹ́pẹ́ ò lára, ooru tó rù ò tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù àti ògiri. Ẹ mú páànù tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó: kìlò 3 tàbí 4 ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ju 200 kìlò lọ. Ká tiẹ̀ gbé kìlò kan ti kìlò kan, ooru tí búlọ́ọ̀kù máa gbà kó tó gbóná dé ibi kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti irin. Ògiri ni àká. Láti ọ̀sán títí oòrùn fi máa wọ̀ ló ń kó ooru jọ, ooru náà á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù. Ó lè gbà á ní wákàtí 5 sí 8 kó tó yọ sí inú yàrá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tó máa já sí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ bá mi ṣe ìdánwò kan lálẹ́ òní: bó bá di aago mẹ́wàá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gun àga kí ẹ sì fọwọ́ kan àjà náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ fún wa.

Ìyá Ìkókó Ìbàdàn

Mo ti ṣe é, sà. Ẹnu yà mí. Àjà ò gbóná rárá. Ògiri mẹ́ta tutù. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látàárọ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ara ògiri yẹn gan-an la gbé orí ibùsùn tì. Níta, àwọ̀ pupa tó ṣú ni wọ́n fi kùn ún, kò sì sí igi kan tó ṣíji bò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ gbé ibùsùn kúrò lára ògiri yẹn kí ẹ tó ka ìyókù.

Ní ti ọmọ: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ti tó o, kò sí fìlà, kò sí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ìró bo nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ torí ẹ̀fọn, afẹ́fẹ́ ni ẹ ń dí mọ́ ọn. Ẹ fi omi tí kò tutù nini, tí kò sì gbóná, nù ún lára, kí ẹ jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ gbẹ. Ẹ má da pọ́dà lé e, ó lè fà á símú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ooru ti mú ọmọ, ẹ fún un lómi. Títí tó fi máa pé oṣù 6, ọmú ti tó o, omi wà nínú ọmú. Ẹ máa fún un lọ́mú léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin fúnra yín máa mu omi dáadáa.

Ohun kan tó kù: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3, tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ooru yàrá ló fà á.

Ìyá Alákàrà

Èmi ò ka ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n mo ti dúró ti iná fún ọdún 30, ohun tí olùkọ́ ń sọ yé mi. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ooru náà ò ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí mo bá dúró níwájú iná igi, ojú mi á máa gbóná, kódà kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn mi lọ sínú iná. Iná yẹn ń ta mí láti òkèèrè bí oòrùn ṣe ń ta wá. Kí ẹnì kan kàn kọjá láàárín èmi àti iná, ojú mi á tutù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kan nìyẹn. Bí mo bá gbàgbé ṣíbí irin sínú agbada, ooru á gùn ún títí dé ibi tí mo ti fẹ́ dì í mú, ṣùgbọ́n orógùn onígi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ síni. Epo inú agbada ńkọ́? Tìsàlẹ̀ tó gbóná ń gòkè, tòkè tí kò gbóná tó o ń sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀, òun ló ń pín ooru kiri.

Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ ni ògiri yín ń ṣe fún yín. Ó ń ta yín láti òkèèrè bí iná ṣe ń ta mí lójú. Ẹ lè yí fáànù dójú ikú, fáànù ò lè dí ọ̀nà yẹn, torí kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló gbé ooru náà wá bá yín.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Mọ̀mí, ẹ ti ṣe iṣẹ́ mi fún mi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ló ṣe rí gẹ́lẹ́.

Kí n fi ti fáànù kún un. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù. Ó ń lé afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ wa lára lọ, kí òógùn lè gbẹ. Òógùn tó ń gbẹ ló ń gbé ooru kúrò lára wa. Awọ ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí 35°C. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá kọjá ìyẹn, afẹ́fẹ́ náà á tún máa gbé ooru wá sí wa lára, òógùn nìkan ló kù tó ń gbà wá. Ibi tó dára jù kí ẹ gbé fáànù sí lóru ni ẹnu fèrèsé, kó máa fa afẹ́fẹ́ tútù tó wà níta wọlé, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kejì kí ti inú lè jáde. Bí fèrèsé ò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó lọ sí pálọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Èmi máa ń da omi sára ògiri tiwa láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó máa ń tutù. Lóru, mo tún máa ń gbé yìnyín sínú abọ́ síwájú fáànù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀gbọ́n mi Ìjẹ̀bú, omi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ògiri níta ló ń mú tutù. Èyí tó ti wọnú búlọ́ọ̀kù láti ọ̀sán ti wà lọ́nà. Bí ẹ bá sì ń ṣe é lójoojúmọ́, ògiri á máa rin, ẹ̀gbẹ́ inú á bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun-funfun, kò dáa fún èémí ọmọdé.

Ní ti yìnyín, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yìnyín kìlò 5, kó tó yọ́ tán, á gba ooru tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 joule nínú yàrá (joule ni wọ́n fi ń wọn ooru). Àgbàlagbà kan tó ń sùn ń tú ooru 70 sí 80 wáàtì sílẹ̀, ìyẹn joule 70 sí 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín wákàtí 6, ìyẹn náà ń lọ sí mílíọ̀nù 1.6. Nítorí náà, gbogbo yìnyín yẹn kò ju kó gba ooru ara ẹnì kan ṣoṣo lọ, kó tó wá kan ti ìyá, ti ọmọ àti ti ògiri. Atẹ́gùn tútù tó ń bọ̀ láti ara rẹ̀ máa ń tu èèyàn lójú, mi ò ní kẹ́ni tó bá rí má lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé fìríìjì tó wà nínú pálọ̀ yẹn náà ló ṣe yìnyín ọ̀hún, gbogbo ooru tó yọ kúrò nínú omi, ẹ̀yìn fìríìjì ló tú u dà sí, pẹ̀lú ti iná tó jẹ lé e lórí. Ìdí nìyí tí ṣíṣí fìríìjì sílẹ̀ ò fi lè mú yàrá tutù láé.

Yorùbá Kánò

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, aṣọ tútù la máa ń fi kọ́ ẹnu fèrèsé lásìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí omi lítà kan bá gbẹ tán lára aṣọ, ooru tó gbé lọ tó ìlọ́po 7 èyí tí kìlò yìnyín kan ń gbà kó tó yọ́. Ọgbọ́n àmù omi náà ni. Amọ̀ ń mí, omi ń yọ wínníwínní sí ara rẹ̀ níta, ó ń gbẹ, ti inú ń tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, gbé ọgbọ́n yìí lọ síwájú ní 1995: ó ki ìkòkò amọ̀ kan bọnú òmíràn, ó da iyanrìn sí àárín wọn, ó ń bomi rin iyanrìn náà, ẹ̀fọ́ àti tòmátò inú rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ aago Rolex fún un ní ẹ̀bùn ní 2000 nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti gbé Èkó rí. Ẹ má ṣe aṣọ tútù yìí níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi. Omi ò ní gbẹ, ọ̀rinrin nìkan lẹ máa fi kún inú yàrá, òógùn yín náà ò ní gbẹ. N'Ìbàdàn, bí ọyẹ́ bá ń jà, ẹ lè dán an wò. Bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ará Leeds

Ohun tí ẹ̀ ń sọ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ilé tí wọ́n kọ́ láti há ooru mọ́ inú là ń gbé níbí. Òwú gíláàsì nínú àjà, fèrèsé onígíláàsì méjì tí afẹ́fẹ́ há sáàárín wọn. Afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà rìn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, òwú kàn ń dì í mú ni. Nígbà tí ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé 40.3°C ní July 19, 2022, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án, a rò pé atẹ́gùn là ń gbà, ooru là ń gbà sílé. Àwọn àgbà tó ń gbé òpópónà wa ló kọ́ mi: bí ìta bá ti gbóná ju inú lọ, ti fèrèsé, fa kọ́tìnnì, bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ṣí gbogbo rẹ̀. Mo rò pé n'Ìbàdàn náà, fèrèsé tó wà ní ìwọ̀ oòrùn yẹ kó wà ní títì láti aago kan ọ̀sán, kí nǹkan bò ó láti ìta. Kọ́tìnnì tó wà nínú kò tó, torí pé oòrùn ti wọlé kó tó kàn án.

Kápẹ́ńtà Onípáànù

Olùkọ́, ẹ ṣeun, mo ti gbà. Páànù ló ń jà lọ́sàn-án, ògiri ló ń jà lóru. Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́.

Ìyá Ìkókó, ẹni tó wà láàárín èèyàn àti iná tí Ìyá Alákàrà sọ yẹn lẹ nílò. Ẹ ri òpó igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ níwájú ògiri ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà tó gùn láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ògiri o. Ẹ fi àlàfo tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bá gbóná níbẹ̀ lè gba òkè jáde. Kó má sún mọ́ ibi tí ẹ ti ń dáná, imọ̀ gbígbẹ ò fi iná ṣeré. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin elégédé sídìí òpó, á gun orí rẹ̀, ewé rẹ̀ á gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí onílé bá gbà, ẹ kun ògiri yẹn ní funfun. Ayálégbé ni yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ri òpó.

Ní ti orí: ihò etí orùlé tí mo sọ níṣàájú ṣì dúró. Àwọn kan á ní kí ẹ ra fóìlì tó ń dán. Ó dáa, ṣùgbọ́n kó kọjú sí àlàfo. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ mọ́ páànù lókè àti pákó nísàlẹ̀ tí kò sí àyè kankan, ooru á gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ṣe ń gba inú ṣíbí, torí irin ni òun náà. Fóòmù funfun tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, mo mọ̀ pé àwọn kan ń kó o sí àjà. Ó ń dí ooru lóòótọ́. Bí wáyà iná bá gbà á, èéfín rẹ̀ á ti pa èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó jí. Èmi ò ní ṣe é fún ilé ọlọ́mọ. Bí àjà yín bá sì jẹ́ asbestos àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i tàbí kó fọ́ ọ, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Etí ògiri ni kí wọ́n lù.

Ìyá Ìkókó Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n wá jábọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ la ti gbé ibùsùn lọ sára ògiri ìlà oòrùn. Ìyẹn nìkan, ọmọ sùn di aago mẹ́rin ìdájí. Ọkọ mi ya tẹmómítà tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ náà, 33°C ló wà níbi ibùsùn, 27°C níta. Onílé gbà fún àtíbàbà, kò tíì gbà fún ọ̀dà funfun. Ọjọ́ kẹta tí a ṣe é tán, láago mọ́kànlá kan náà, 30°C ni. Níta ò yàtọ̀. Mo tún fọwọ́ kan ògiri, kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́.

Ti fáànù ló yà mí lẹ́nu jù. A gbé e sẹ́nu fèrèsé bí olùkọ́ ṣe wí, a ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, a sì fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu ọ̀nà. Kó tó tó wákàtí kan, a ń fa aṣọ bora. Nǹkan tó sú sí ọmọ lọ́rùn ti ń gbẹ. A ò tíì ṣe ihò etí orùlé torí owó bíríkìlà, nítorí náà pálọ̀ ṣì ń mú ooru lọ́sàn-án, abẹ́ igi fúrúntù àwọn ará iwájú wa la máa ń gbé ọmọ lọ di ìrọ̀lẹ́.

Olùkọ́, mo ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ooru pọ̀, orí táìsì pálọ̀ ni ọkọ mi máa ń sùn, ó ní ó tutù. Ṣé táìsì tutù ju bẹ́ẹ̀dì lọ ni?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Inú mi dùn gan-an, Ìyá Ìkókó. Rárá, bí ẹ bá gbé tẹmómítà sórí méjèèjì lọ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni tó sùn lé e, iye tó máa kà á sún mọ́ra. Ọwọ́ wa kì í wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó, bí nǹkan náà ṣe ń yára fa ooru kúrò lára wa ló ń wọ̀n. Táìsì ń fà á kíákíá, ó sì ń tì í wọ inú ilẹ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kún fún afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà rìn, ooru ara wa kàn ń padà bọ̀ wá bá wa ni. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí irin dà bíi pé ó tutù ju igi lọ láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ sun ìta mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ máa sùn níbẹ̀ bó bá tù ú lára, ṣùgbọ́n kó tẹ́ ẹní. Ẹní ò nípọn débi tó máa dí ooru. Ọmọ ní tirẹ̀, ẹ má gbé e sórí táìsì lásán. Ooru ara rẹ̀ ò pọ̀ bíi ti àgbà, kíá ló máa tán.

Ìyá Ìkókó Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, sà. Alábàágbé wa tó wà ní yàrá kejì, ògiri kan náà ló ń yọ òun náà lẹ́nu. Ó ti ní kí ọkọ mi wá bá òun ri òpó lọ́jọ́ Sátidé. Imọ̀ ọ̀pẹ ṣẹ́kù.